Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Han Létí Odò

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Kíí, kíí, kíí, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún pípẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn omi tí wọ́n ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi ní abúlé wa, Lok-Teven. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í wọ ọ̀nà etí odò wa. Ohùn ẹyẹ àti ohùn omi nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà bí kẹ̀kẹ́ bá ṣì wà lókèèrè, etí mi á ti sọ fún mi bóyá ṣéènì rẹ̀ ló gbẹ tàbí bíréèkì rẹ̀ ló ń ha táyà. Bó bá ṣe ń sún mọ́ mi ni ohùn rẹ̀ á máa ga. Ti eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó wà lókèèrè o, bó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi o, bákan náà ló ń dún. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Oṣù kẹfà ni mo tó rí ẹni tó ń gùn ún. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó wọ aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè, ó so àpò méjì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bíi ti gbogbo àwọn tó ń gba ọ̀dọ̀ wa rìnrìn àjò nígbà ooru. Àmọ́ kì í kí èèyàn. Létí odò wa, bí o kò tilẹ̀ mọ ẹnì kan rí láyé, tí ẹ bá ti pàdé, ìwọ á kí i, òun náà á kí ọ, á sì tẹ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá láìkíni, ó ní nǹkan tó ń fi pa mọ́. Wọ́n sì ti jí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta létí odò lóṣù yẹn. Mo sọ fún ara mi pé, Goulven, olè rèé o, la ojú rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Soazig, la jọ ń gbé. Òun ló ń dín gálẹ́tì, àkàrà pẹlẹbẹ inú páànù, fún àwọn arìnrìn-àjò. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la lò ní ọsibítù ní Rennes, dókítà sì kìlọ̀ fún mi pé kí n máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. N kò ní ẹlòmíì láyé. Àmọ́ bí Soazig bá ti gbọ́ kíí, kíí yẹn, á gbé páànù kúrò lórí iná, á wọlé, á tilẹ̀kùn, á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ohùn náà á fi kọjá lọ.

"Kí lẹ ń sá fún gan-an?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ náà wọlé."

"Nítorí kẹ̀kẹ́ tí kò rí epo? Ẹ jẹ́ n bá a fi epo sí i, kí etí èèyàn lè sinmi."

"Goulven! Fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀. Má bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀. Mo ti sọ tèmi."

"Kí ló dé?"

"Ṣé gbogbo nǹkan la máa ń dárúkọ nínú ilé tí aláìsàn wà ni?" Ó pòṣé, ó padà sídìí páànù rẹ̀. Mo rò pé ogbó ló ń bá a jà.

Láàárín ìgbà yẹn, aago ṣọ́ọ̀ṣì lù fún òkú lẹ́ẹ̀mejì. Fañch tó ń sin oyin ló kọ́kọ́ lọ, adití paraku ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan tó ń sin màálù, ẹni tí rédíò rẹ̀ máa ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. N kò so ó pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Olè ni mo ń ṣọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Soazig lọ rí dókítà rẹ̀ nígboro. Kùrukùru bo ojú odò. Mo gbọ́ kíí, kíí, mo bá jáde lọ dúró sáàárín ọ̀nà. Mo ti dá ọgbọ́n kan. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lábẹ́, níbi tí pẹ́dálì wà. Bí mo bá rí nọ́ńbà yẹn kà, àwọn ọlọ́pàá á bá mi wá ẹni tó ni ín.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá," mo ní. "Kẹ̀kẹ́ yín mà ń ké gbà mí o! Ẹ jẹ́ n fi epo díẹ̀ sí i fún yín. Ọ̀fẹ́ ni."

Ó dúró. Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dá mi dúró," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó sì ń sọ èdè wa bí ará Họ́lándì.

Òjò kò tíì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ, síbẹ̀ omi ń kán tó, tó, láti apá aṣọ rẹ̀. Ipa táyà àwọn tó ti kọjá kún inú eruku ọ̀nà, àmọ́ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo rí i o, n kò ní parọ́. Mo ní bóyá kùrukùru ló ń tan ojú mi jẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ olè ti gbà lọ́kàn kì í rí nǹkan mìíràn.

Mo dojú kẹ̀kẹ́ náà dé. Ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an, nítorí ọkùnrin náà kò ga dé èjìká mi, èmi sì gùn bí òpó. Ẹrẹ̀ dúdú ti gbẹ mọ́ ọn lábẹ́, irú ẹrẹ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ odò. Mo fi èékánná họ ọ́, mo ka nọ́ńbà náà, mo há a sórí. Lẹ́yìn náà mo kán epo sí ṣéènì, mo yí pẹ́dálì. Kò dún mọ́ rárá. Kẹ̀kẹ́ tó lépo jù lọ ṣì máa ń dún díẹ̀ bí táyà rẹ̀ bá ń yí, àmọ́ eléyìí kò dún rárá àti rárá.

"Ẹ ṣeun gan-an," ó ní. "Ariwo yẹn ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì tilẹ̀kùn."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe ná?"

"Mo ń sin èèyàn lọ."

Afinimọ̀nà kẹ̀! Afinimọ̀nà wo ni n kì í rí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀? Irọ́ ńlá.

"Ẹ jẹ́ n san oore yín," ó ní. "Gbogbo àwọn tó kù ni n ó kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Ẹ̀yin ni n ó mú kẹ́yìn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe àwàdà nílùú wọn nìyẹn. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú kùrukùru, n kò sì gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Mo sáré wọlé, mo pe Tanguy, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọlọ́pàá, mo ka nọ́ńbà náà fún un. Ó ní òun á wò ó, òun á sì pè mí padà.

Nígbà tí Soazig dé lọ́sàn-án, ẹnu ń yún mi.

"Mo ti rí olè yẹn mú," mo ní. "Nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá báyìí. Mo fi epo tàn án, kò tilẹ̀ fura."

"Kí lo fi tàn án?"

"Epo. Mo fi sí ṣéènì rẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ kíí, kíí yẹn mọ́. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́."

Kò dúpẹ́. Ó jókòó tòun ti ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. "Háà, Goulven," ó ní, "kí lo ṣe fún mi yìí?"

Ó wá dá orúkọ tí a kì í dá nínú ilé aláìsàn: Ankou. Ẹni tó bá kú kẹ́yìn lọ́dún kan ní Lok-Teven, òun ni yóò di Ankou, tí yóò máa wá mú àwọn tó bá fẹ́ kú níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láyé ìyá wa àgbà, ọmọlanke ló máa ń tì, ẹsẹ̀ ọmọlanke náà á sì máa han. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, tó wọlé, tó tilẹ̀kùn, Ankou yóò fo ilé rẹ̀ kọjá. Ariwo yẹn ni àánú kan ṣoṣo tó wà nínú iṣẹ́ náà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti wá sẹ́nu ọ̀nà yìí nítorí mi," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo gbọ́ ọ. Báwo ni n ó ṣe wá gbọ́ ìkarùn-ún?"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni fóònù dún. Tanguy ni.

"Goulven, ṣé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" ó ní. "Kẹ̀kẹ́ yẹn ti wà ní àgọ́ wa láti oṣù kìíní. Ti ará Họ́lándì tí a fà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn omi yín ni, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Ẹ̀yin wà ní Rennes nígbà yẹn."

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ báyìí?"

"Iwájú mi náà ló wà. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ìdè wa ṣì wà lára rẹ̀." Mo gbọ́ tó sún àga rẹ̀, tó lọ bẹ̀rẹ̀ tì í. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Goulven, ta ló fi epo sí ṣéènì yìí? Ó ṣì ń kán sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà n kò fi Soazig sílẹ̀. Mo da iyanrìn sójú ọ̀nà. Mo so aago kéékèèké mọ́ okùn, mo ta á kọjá ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn arìnrìn-àjò ń fi mí rẹ́rìn-ín, obìnrin Jámánì kan tilẹ̀ yà á ní fọ́tò. Èmi ń tẹ́tí, mo ń tẹ́tí títí etí fi ń hó mi.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ràn. Mo ń tún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ṣe, n kò jìnnà sí Soazig ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

"Goulven, ṣé o ti jẹun?" ó ní.

"Tó bá yá," mo ní.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbóòórùn gálẹ́tì tó ń jóná. Ó jókòó, ó gbórí lé tábìlì, ṣíbí igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago kankan kò dún. Iyanrìn náà wà bí mo ṣe dà á. Àfi omi tó kán sójú òkúta ẹnu ọ̀nà, ẹ̀kán mẹ́ta péré. Mo sunkún bí ọmọdé. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ èmi mọ̀ pé èmi ni mo pa á, epo ẹ̀kán díẹ̀ ni mo sì fi pa á.

Lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn márùn-ún tún lọ ní Lok-Teven. Kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan nínú wọn.

Òní ni ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo bá kẹ̀kẹ́ náà tó fara ti ògiri mi, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Wọ́n ti gbé ìjókòó rẹ̀ sókè. Mo dúró tì í, ó dé ìbàdí mi gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn: ẹ̀yin ni n ó mú kẹ́yìn.

Mo rò ó pé kí n sá. Àmọ́ bí n kò bá gùn ún, ẹlòmíì á gùn ún, epo mi á sì wà lára ṣéènì rẹ̀. Mo gbé páànù Soazig sílẹ̀, mo da pẹtiróòlù sí i, láti àárọ̀ ni mo sì ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti nù ún gbẹ. Mo ti bu iyanrìn odò sí i lẹ́kùnwọ́ méjì. Mo yí pẹ́dálì wò nísinsìnyí: kíí, kíí, kíí. Ó ń han dáadáa.

Ẹ̀yin ará Lok-Teven, bí ẹ bá gbọ́ mi lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má jáde wá kí mi. Ẹ wọlé, kí ẹ tilẹ̀kùn.