Orúkọ Kẹfà

Orúkọ márùn-ún ni Bàbá Lẹ́tà ti gbẹ́ sára ògiri ìrántí tí ìlú fẹ́ fi bu ọlá fún àwọn èèyàn ńlá rẹ̀ kó tó jókòó mu tíì àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Bàbá Lẹ́tà, torí ogójì ọdún ló ti fi ń kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó, tó sì ń gbẹ́ ẹ sára òkúta. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bàbá Nọ́ọ̀sì, nítorí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tí ọta ìbọn pa tòun ti aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn, lọ́jọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́de lórí afárá láti bèèrè oògùn fún aláìsàn.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ gbọn ara yín kẹ́ ẹ tó jókòó. Eruku òkúta ti pọ̀ ju ṣúgà lọ nínú tíì ilé yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí ìwé tí ọ́fíìsì ìlú fi ránṣẹ́. Orúkọ kẹfà wà níbẹ̀: orúkọ Ààrẹ àtijọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn.

Tíì dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. "Ọwọ́ tí ẹ fi gbẹ́ orúkọ ọmọ mi sára ibojì," ó ní, "ṣé òun náà lẹ fẹ́ fi gbẹ́ tirẹ̀?"

Bàbá Lẹ́tà wọ bàtà, ó di ọ́fíìsì ìlú.

Akọ̀wé obìnrin tó bá níbẹ̀ fún un ní àga. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́ ilé ìwé tí mo lọ. Òun ló ṣe afárá."

"Orí afárá yẹn ni wọ́n ti pa ọmọ mi."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò kọ lẹ́tà?"

"Lẹ́tà wo?"

"Òfin fún ará ìlú ní ogójì ọjọ́ láti tako orúkọ yòówù. Ẹ ó kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì yín, àti ohun tójú yín rí, ẹlẹ́rìí kan á sì fọwọ́ sí i. Ẹ ó mú un wá, a ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹyọ lẹ́tà kan péré, dandan ni kí ìgbìmọ̀ jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba. Ẹnì kankan ò kọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọjọ́ pé."

"Ta ló sọ fún wa?"

Obìnrin náà rọra tọ́ka sí pátákó ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Lẹ́tà ti dá a mọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà kọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti máa bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tó kẹ́yìn, kó máa bọ̀ wá síwájú, kí ojú má baà máa ka ọ̀rọ̀, kí ó má baà fo lẹ́tà kankan. Kò fo ọ̀kankan. Ìsinsìnyí ló tó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ogójì ọjọ́, gbogbo rẹ̀ gún régé.

"Mo kọ ọ́," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Mi ò kà á."

Ó dá iṣẹ́ padà fún wọn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ pátákó náà fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n wá ẹlòmíràn, ìyẹn gbẹ́ orúkọ náà láàárín ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ògiri, tọkọtaya náà dúró lẹ́yìn èrò. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Lẹ́tà ní, "Kì í kúkú ṣe ọwọ́ mi ló gbẹ́ ẹ."

Ìyàwó rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Bàbá Lẹ́tà," ó ní.

Kò pè é ní Bàbá Nọ́ọ̀sì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìlú tìrẹ náà, ojoojúmọ́ lo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Dúró, kí o kà á dé òpin. Kọ lẹ́tà tìrẹ nígbà tí ọjọ́ ṣì kù, kí o gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Má ṣe rò pé ẹlòmíràn yóò kọ ọ́, nítorí ohun tí ẹlòmíràn náà ń rò nìyẹn.