Ìyá Wọ́ọ̀dù àti Ikú Gólì

Bọ́ọ̀lù ò bà á, òpó ò gbá a. Èjìká ẹni tó ń sáré bọ̀ ló kàn fara kan án, ìfarakàn tí kò lè pa òròmọdìyẹ, ni Gólì, aṣọ́lé ẹgbẹ́ wọn, bá rọra jókòó bí ẹni tó rẹ̀. Àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín pé ó fẹ́ fi àkókò ṣòfò. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, eegun ò ṣẹ́.

Ikú tí kò lójú ọgbẹ́ kì í pẹ́ wá ẹni tí yóò lẹ̀ mọ́. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ó ti rí Ìyá Wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n bàbá Gólì ni, opó tí kò bímọ, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó fi ogún ọdún nu ilẹ̀ nílé ìwòsàn, ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa, tó sì ń fi ojú kọ́ ohun tí àwọn dókítà ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó rí Gólì tó ń di ògiri mú rìn, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ. Bó bá lọ, gbígbé ni wọ́n máa gbé e wálé." Gbogbo ilé ló gbọ́.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni ìyá Gólì, aránṣọ, ń wí fún gbogbo oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ. "Kí ló kù tá a fẹ́ wádìí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: Kékeré, àbúrò Gólì obìnrin. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ikú rẹ̀ ni Gólì fi orí gbá òpó góòlù níbi ìdánrawò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bì lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìnkùlé, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó bá ní nǹkan ń dun òun, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ di ti ẹlòmíì nìyẹn. Àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá sì ń bọ̀. "Búra fún mi," ni Gólì wí. Kékeré búra, ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bo èébì náà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Kékeré, tó jẹ́ sárésáré, fẹsẹ̀ kó sí kòtò, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí. Ìyá Wọ́ọ̀dù ló fi báńdéèjì dì í, tó gbé e lé ìrọ̀rí. Nígbà tí wíwú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i láfẹ̀mọ́jú, á ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó dijú, kó ka ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, kó máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbéra sókè. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èyí tó fara pa ṣe mẹ́rìndínlógún, ó ń gbọ̀n.

"Ó ku mẹ́sàn-án," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí. "Ìrora ti kó ẹrù ẹ̀ lọ, àmọ́ agbára ò tíì dé. Ilé tó ṣófo ni ẹsẹ̀ ẹ báyìí. Má tíì gba àlejò sínú ẹ̀."

Aránṣọ yọjú lójú fèrèsé, ó rí wọn: ọmọ tó dúró lẹ́sẹ̀ kan bíi lékeléke, tó dijú, àgbàlagbà tó ń kà sí i létí, òwìwí tó ń ké lórí òrùlé. Ó sáré jáde sí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú ọmọ mi sílẹ̀. Ìdíje eré sísá ẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà. Kò tiro mọ́, kóòṣì ní kó máa bọ̀, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó lọ. Ẹ ti jẹ ọ̀kan, ẹ tún so èkejì mọ́lẹ̀."

"Ìyàwó, aṣọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ dì mú, tó ò tíì fi ẹ̀rọ rán, ṣé o máa ní kí oníbàárà wọ̀ ọ́ lọ jó?"

"Ẹ má fi iṣẹ́ mi pòwe fún mi. Aṣọ tí mo rán ò pààyàn rí."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá Kékeré, káfíńtà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. Wọ́n ti háyà ọkọ̀. Ẹrù Ìyá Wọ́ọ̀dù, àpótí kan àti ẹní kan, ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè kan péré ni. Ta ló sọ fún yín pé wọ́n máa gbé ọmọ mi wálé?"

"Ìrìn ẹ̀ ni mo wò. Ó ń rìn bí ẹni tó mutí, kò sì mutí. Mo ti rí irú ẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù."

"Àjẹ́ wo ni kì í ríran?" ni aránṣọ wí.

Kékeré wo àpótí àti ẹní tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dákẹ́, ẹni tó tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé orúkọ burúkú jáde nílé. Bó bá sọ̀rọ̀, ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á di ọ̀ràn sí i lọ́rùn. Ó dìde.

"Èmi ni mo mọ̀. Ó fi orí gbá òpó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó bì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ní kí n má sọ."



"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ká ní mo mọ̀ ni, ńṣe ni ǹ bá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Orí tí nǹkan gbá, tí kò tíì san, ìkòkò tó ti sán ni. Kò dìgbà téèyàn bá là á mọ́lẹ̀ kó tó fọ́."

Aránṣọ yíjú sí Kékeré. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ǹ bá ti ní kó má lọ."

 Bẹ́ẹ̀ aránṣọ kan náà ló pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo bí ẹgbẹ́ ńlá á ṣe mú ọmọ òun. Òun ló ti Gólì jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ní kó má dá obìnrin aláṣejù yẹn lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ irọ́ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì di ìró Ìyá Wọ́ọ̀dù mú.

"Kékeré, ìwọ náà súnmọ́ bí," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí. "Ọmọdé kọ́ ló ń dá irú ẹrù yìí gbé."

Káfíńtà nu ojú. "Kékeré, ránṣẹ́ sí kóòṣì. O ò sá eré kankan lọ́sẹ̀ yìí."

Níta, awakọ̀ tí wọ́n háyà ń fọn fèrè. Ó fọn ọ́n títí, kò sẹ́ni tó dìde.