Ó Yé Mi, Sà

Olùkọ́-Ilé kò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ káàkiri Òkè-Òṣùpá ni pé ẹ̀rọ náà ló dáràn. Irọ́ ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ní gbogbo ọlidé gígùn ọdún yẹn, síbẹ̀ ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí ìta igbá-dígí.

Igbá-dígí ni wọ́n ń pe òrùlé ńlá tó bo ìlú Òkè-Òṣùpá, tó sé afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ará ìlú. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ilá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, ibẹ̀ náà ni ilé ìwé wà. Níta, kò sí nǹkan kan àfi eruku bí eérú, àti àwọn àwo-oòrùn, ìyẹn pátákó dídán gbọọrọ tí ń gba ìtànṣán oòrùn, tí ń sọ ọ́ di iná fún ìlú. Eruku a máa bo àwọn àwo wọ̀nyí. Àwọn ọmọ tó bá fẹ́ wọ kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ló máa ń jáde lọ nù wọ́n ní òpin ọlidé, torí àkàbà ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò lè gba àgbàlagbà. Ọmọ tó bá nu àwo dé, ó ti kúrò ní ọmọdé nìyẹn. Wọ́n á se oúnjẹ fún un, ìyá rẹ̀ á sì máa fi í yangàn títí ara á fi kan gbogbo àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ọlidé gígùn a máa fọ orí àwọn ọmọ mọ́ bí abọ́. Ìṣirò tí wọ́n kọ́, wọ́n á gbàgbé. Ohun tí wọ́n kọ́ nípa afẹ́fẹ́ àti èémí, ó ti lọ. Ìdí nìyí tí Ọ̀mọ̀wé Ọláníhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́ tinú ẹ̀rọ ju ti ènìyàn lọ, fi ṣe Olùkọ́-Ilé. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ ni, kò ní ẹran ara. Á dúró láàárín pálọ̀, á máa rán ọmọ létí ohun tó ti kọ́, á sì máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ilé ìwé á fi wọlé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi ń mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀ síwájú: "Ṣé ó yé ọ?"

Nígbà àkọ́kọ́, ọmọdé ni Ọláníhùn ya àwòrán náà. Ọmọbìnrin kan báyìí tó máa ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n á já a lẹ́nu, wọ́n á ní, "Ìwọ náà, ṣàlàyé dáadáa, kí lò ń sọ gan-an?" Òun náà á tún un ṣàlàyé. Ariwo ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lọ́sàn-án.

Àwọn àgbà ò gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ní gbọ̀ngàn ìpàdé ni Màmá Fẹ̀yíṣetán. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣíjúadé, ló ń tọ́, torí àwọn òbí ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọn kì í tètè dé.

"Ọ̀mọ̀wé, ìwà wo lò ń kọ́ àwọn ọmọ wa?" ni Màmá bi í. "Ọmọ-ọmọ mi ní kí olùkọ́ òun panu mọ́. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́."

"Mà, ẹ̀rọ ni. Kò lè bínú."

"Ṣé ọmọ náà ni ẹ̀rọ?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n ṣe ń já a lẹ́nu yẹn, mà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ ibi tí kò yé wọn."

"O ò já ìyá rẹ lẹ́nu, o sì mọ̀wé. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Ìyá Ọláníhùn wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo ọmọ rẹ̀.  Ọláníhùn ní ó ti dáa, òun á yí i padà.

Ló bá sọ Olùkọ́-Ilé di bàbá arúgbó. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó wọ agbádá, ohùn rẹ̀ ń dún láti inú ikùn bí ohùn ẹni tó ti sin ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti tòrò. Àwọn ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀. Inú àwọn àgbà dùn dé ẹ̀yìn etí. Màmá Fẹ̀yíṣetán a máa jókòó sí ilé ìdáná, a máa gbọ́ bí Ṣíjúadé ṣe ń dáhùn, "Ó yé mi, sà. Ó yé mi, sà," a sì máa dá rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wo ló máa wo bàbá onírùngbọ̀n funfun lójú, tó máa sọ fún un pé àlàyé rẹ̀ kò yé òun? Ọmọ tí ẹ ti kọ́ láti ìgbà tó ti ń rá pé àgbà kì í ṣe ẹgbẹ́ òun? Gbogbo wọn ń sọ pé ó yé àwọn. Ẹ̀rọ gbà wọ́n gbọ́, ó ń tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ọlidé fi máa parí, ohun tí àwọn ọmọ yunifásítì ń kọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ tí eyín wọn ò tíì hù tán, àwọn ọmọ náà sì ń mi orí bí aláàmù. Ẹ̀rọ náà ní gbogbo wọn ti yege.

Ọjọ́ tí wọ́n máa nu àwo pé. Ṣíjúadé ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ jáde. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́, tó máa ń bá igi ilá sọ̀rọ̀ bí kò bá rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀. Màmá ló fúnra rẹ̀ dè é ní ẹ̀wù-ìta, aṣọ nínípọn tí wọ́n fi ń rìn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó sì gbé àgbá-èémí kọ́ ọ lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ti fún un jù. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ mí in ni?"

"Panu mọ́, kó o lọ ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe."

Ó jáde. Ohùn rẹ̀ ń wọlé láti inú ẹ̀rọ-agbóhùn tó wà lẹ́nu ibodè, níbi tí Màmá àti Ọláníhùn dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n ń retí àtijáde. Eruku ọdún yẹn pọ̀. Ọmọ náà ń nù, ó ń nù, ó gùn dé orí àwo tó jìnnà jù. Ọláníhùn wo agogo tó ń fi hàn bí èémí ṣe ń yára tú jáde nínú àgbá, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣíjúadé, máa bọ̀ wálé," ló wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dín ẹnu àgbá kù sí ìdá méjì nínú márùn-ún. Bó o bá ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èémí tó kù ò ní gbé ọ délé. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

Ọwọ́ agogo náà kò wálẹ̀. Ńṣe ló tún sáré sókè sí i. Ọmọ náà ti yí ẹnu àgbá sódì, ó ṣí i gbayawu.

"Mo ní dín in kù! Ìdá méjì nínú márùn-ún! Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà. Ẹ ṣé, sà." 

Olùkọ́-Ilé, bàbá àgbà tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ sínú akoto ọmọ náà kó lè máa tọ́ ọ sọ́nà níta, náà ń yìn ín. "Ọmọ dáadáa. O kúkú mọ̀ ọ́n."

Ìgbà náà ni ara fu Màmá. Ṣíjúadé tí òun mọ̀, bí nǹkan bá yé e, kì í sọ pé ó yé òun. Á ní "Ẹn-ẹ́n!", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ wẹ́wẹ́. Odidi ọlidé, òun ò gbọ́ "Ẹn-ẹ́n" kan ṣoṣo. Ó já ẹ̀rọ-agbóhùn gbà lọ́wọ́ Ọláníhùn.

"Ṣíjú."

"Mà."

"Kí ni wọ́n ń pè ní ìdá méjì nínú márùn-ún?"

 Èémí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Bàbá ti kọ́ mi, mà."

"Mi ò bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ."

"Màmá, ẹ máa bínú."

"Mi ò ní bínú."

"Ẹ máa ní mo dójú tì yín níwájú Ọ̀mọ̀wé."

"Dójú tì mí, ọmọ mi. Ìyá mi, jọ̀ọ́, tètè dójú tì mí."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Kò yé mi. Ẹ má bínú, sà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kọ́ mi, kò yé mi rárá."

Kò sí ọmọ tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá onírùngbọ̀n rí. Ẹ̀rọ náà bi í léèrè láti inú akoto:

"Ibo ni kò ti yé ọ?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà."

"Ó dáa. Fọwọ́ kan ẹnu àgbá. Ihò mélòó ló wà lára rẹ̀?"

"Márùn-ún, sà."

"Mélòó ló ṣí?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ti mẹ́ta pa. Èyí tó kù ni ìdá méjì nínú márùn-ún."

Wọ́n gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ọwọ́ agogo wálẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n!" ni Ṣíjúadé wí láàárín ẹkún. "Ìyẹn náà ni? Ẹ ò wá sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́?"

"O ní ó yé ọ."

Ó délé. Ètè rẹ̀ ti di aró, kò sì lè dìde dúró, ṣùgbọ́n ó délé. Màmá gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Mòrádékẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó kàn láti jáde. Ó ń tú ẹ̀wù-ìta bọ́, ó ń wo ilẹ̀.

"Kò yé èmi náà, sà."

Èkejì rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó yé nínú gbogbo wọn. Ọláníhùn rọra jókòó sórí ilẹ̀.

Odidi ọlidé ti wọmi nìyẹn. Kò sí ọmọ tó lè jáde, eruku wà lórí àwo, iná ìlú sì di bàìbàì. Wọ́n sún ìwọlé ilé ìwé síwájú, wọ́n tún gbogbo ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nípàdé, Ọláníhùn ní bí àwọn àgbà bá fẹ́ kí bàbá onírùngbọ̀n dúró, kò burú, ṣùgbọ́n àgbà kọ̀ọ̀kan ní láti jókòó ti ọmọ rẹ̀ kó sì máa bá a kẹ́kọ̀ọ́, kí ọmọ lè máa rí bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan kò yé ènìyàn. Àwọn kan dìde, wọ́n bínú jáde. Màmá Fẹ̀yíṣetán kò jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó jókòó ti Ṣíjúadé. Bàbá àgbà kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń pín èémí fún àlọ àti àbọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó yíjú sí Màmá.

"Ṣé ó yé yín, mà?"

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé. Ó fún ẹnu pọ̀. "Ó yé mi."

Ṣíjúadé wò ó lójú pẹ̀ẹ́. "Màmá, irọ́ lẹ ń pa."

Ọwọ́ Màmá ti lọ sókè. Ọmọ náà ò yẹ orí, ó ń wò ó. Ọwọ́ náà dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ̀kalẹ̀ sórí ọmọ náà, ó rọra ń ra á lórí.

"Kò yé mi," ni Màmá wí, ó ń wo ògiri.

"Ibo ni kò ti yé yín, mà?"

 Ṣíjúadé sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, ó fa Màmá mọ́ra.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà," ló bá Màmá dáhùn. "Ẹ rọra bá wa sọ ọ́."