Fọ́ọ̀mù Tó Ń Yọ Ará Ilé

Ẹni tó bá wù ú, kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, kò sẹ́ni tó ń tòògbé.

Bọ́tìnì ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́ ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìdílé ló ń ṣe sórí kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kan. Téèyàn bá tẹ "Fi kún un", àpótí tuntun á yọ, wọ́n á kọ orúkọ ará ilé kan sí i. Téèyàn bá tẹ "Kó gbogbo ẹ̀ kúrò", gbogbo àpótí yẹ kó lọ.

Wọn ò lọ tán.

Ará ilé tiẹ̀ ló fi ń dán an wò: bàbá ẹ̀ tó ti kú, ìyá ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, òun náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ti bàbá lọ, ti ẹ̀gbọ́n lọ. Ti ìyá àti tiẹ̀ dúró gbagidi. Ó tún gbogbo ẹ̀ kọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó lu tábìlì.

"Kí ló ń ṣe nǹkan yìí gan-an!"

"Má fọ́ tábìlì fún mi o," ọ̀gá ẹ̀ ní. "Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Tí ò bá ṣiṣẹ́, wàá wá iṣẹ́ míì."

Inú bí i. Ó wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí fóònù, kò rí i, ló bá pe ìyá ẹ̀.

"Màámi, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó pè mí. Ó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ."

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

"Màámi, ẹ má bá mi ṣàwàdà."

"Ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo bí. Ṣé o ti jẹun?"

Fáànù ń yí, kò dún mọ́. Ó sáré tẹ "Fi kún un". Àpótí yọ, òfìfo. Ó na ìka kó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sí i. Ìka dúró. Orúkọ wo? Orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀meje!

"Mo ti rí i!" Ọ̀gá na ọwọ́ kọjá èjìká ẹ̀, ó ń tún àṣẹ tó kọ fún kọ̀ǹpútà kọ. "Iwájú lo ti ń yọ wọ́n. Tí ọ̀kan bá lọ, èyí tó tẹ̀ lé e á sún sípò ẹ̀, wàá fò ó. Ẹ̀yìn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, olódo."

"Ọ̀gá, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Èmi àti ìyá mi wà níbẹ̀!"

Ọ̀gá ti tẹ̀ ẹ́.

Ojú fọ́ọ̀mù mọ́ tónítóní. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí i. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ wá rí níbí?"

Fóònù ṣì wà létí Bọ́tìnì. "Màámi?"

Ohùn ìyá ẹ̀ wá láti ọ̀hún, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú o. Nọ́ńbà wo lẹ pè?"