Ẹ̀rọ Ìfági Tí Wọ́n Bò Mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọjọ́ Ajé, àwọn agbowó-orí lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ káfíńtà kan. Láti oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò máa gba owó-orí lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀rọ ìfági ńlá nìkan ju owó-oṣù ọmọṣẹ́ kan lọ. Àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́rin sì ń fá pákó tábìlì ilé-ìwé lọ́wọ́.

Àbúrò káfíńtà náà, akọ̀wé ìjọba, yà síbẹ̀ lọ́sàn-án.

"Bọ̀dá mi, wọ́n ní afárá odò tó wọ ìlú wa ni àwọn fẹ́ fi owó náà tún ṣe."

"Afárá tí wọ́n ti ń tún ṣe láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi?"

"Wọ́n á ka ètò ìnáwó fún gbogbo ìlú lọ́jọ́bọ̀. Ẹ wá sọ tẹnu yín."

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ò níṣẹ́ ni kó lọ gbọ́ ìtàn."

Ènìyàn mẹ́ta péré ló lọ. Wọ́n yọ afárá kúrò nínú ètò náà, wọ́n fi géètì ńlá tuntun fún ọ́fíìsì ìjọba rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

Káfíńtà tú ẹ̀rọ ńlá náà palẹ̀, ó kó o sí kọ̀rọ̀, ó da lẹ́búlẹ́bú pákó bò ó kí agbowó-orí má bàa kà á.

"Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó rẹ̀ wí, "orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

Wọ́n padà sí fífi ọwọ́ fági. Tábìlì mẹ́wàá lọ́sẹ̀ di mẹ́ta. Ó dá ọmọṣẹ́ méjì dúró.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" àbúrò rẹ̀ wí. "Ìjọba ò rí owó-orí gbà lọ́wọ́ yín, àwọn tí ẹ dá dúró ò rí owó ra bàtà, oníbàtà náà ń wojú ọ̀nà. Owó-orí tó bá wúwo jù, iṣẹ́ ló ń pa."

"Èmi ni mo kọ́ géètì ni?"

"Ẹ̀yin kọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a bá fi tún afárá ṣe, á gbé pákó wá, á gbé oníbàárà wá. Géètì, wíwò la ó máa wò ó."

Àgbàrá oṣù kẹfà gbé afárá lọ. Ọkọ̀ pákó ò lè kọjá mọ́. Ilé-ìwé gba iṣẹ́ wọn padà. Nígbà tí wọ́n hú ẹ̀rọ náà jáde láti tà á, ọ̀rinrin ti bá a jà. Ó ti dógùn-ún dé inú. Ìyàwó káfíńtà fi ìka nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó wo ìka náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá pè yín síbi tí wọ́n ti ń ka ètò ìnáwó ìlú yín, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lọ. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó yín ṣe kí wọ́n tó ná an. Ẹni tó fara pamọ́ kò lè bèèrè.

Ìsọ̀ náà ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje. Afárá kan lọ, ẹ̀rọ kan lọ, iṣẹ́ àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́rin lọ. Géètì ṣì wà níbẹ̀.