Ìpẹ̀ta Ẹ̀yìn Oko Kajú

Bí Tàíbátù bá ti wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú báyìí, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ nínú agbo ilé wọn ní àdúgbò Zongo nìyẹn.

"Ìyàwó wa, o tún ń lọ kí koríko?" Àràmọ́tù ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Tàíbátù ni, egbòogi ló sì ń tà nínú ọjà. "Bá wa kí i o. Sọ fún un pé ewúrẹ́ wa ń bọ̀."

Tàíbátù á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, á sì gba àdúgbò Banikanni lọ. Níbẹ̀, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan, ni Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ewéko Ìbílẹ̀ ti ń pàdé. Bí wọ́n bá gbọ́ àlàyé nípa ewéko kan lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á lọ wò ó nínú igbó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Màdáàmù Adéwùmí, ọmọ Ṣábẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló ń ṣáájú wọn.

Ẹ má rò pé ewé nìkan ló ń gbé Tàíbátù lọ. Nílé, ìyàwó ni wọ́n ń pè é, ìyàwó wá, ìyàwó lọ. Ní Banikanni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, bó bá sì béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á dá a lóhùn.

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, Màdáàmù kó wọn lọ sẹ́yìn ìlú, sí oko kajú bàbá kan tó ń jẹ́ Sàífùlláhì. Lẹ́yìn oko náà, igi kékeré kan dá dúró. Òdòdó àwọ̀ àlùkò bò ó, òórùn dídùn rẹ̀ sì ti pàdé wọn kí wọ́n tó débẹ̀.

"Ìpẹ̀ta nìyí," ni Màdáàmù wí. "Ìyá àwọn oògùn ni àwọn Haúsá ń pè é. Láyé àwọn bàbá wa, ó pọ̀ káàkiri. Ní báyìí, gbogbo ibi tí a ti wá a dé, èyí nìkan la rí. Ẹ jẹ́ kó so. Bí èso rẹ̀ bá gbó, a ó ká a, a ó gbìn ín, ẹnì kọ̀ọ̀kan yín á mú tirẹ̀ lọ sílé. Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má júwe ibí fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó."

Gbogbo wọn ṣèlérí. Sàífùlláhì náà ní òun á máa ro ìdí igi náà, kí iná ìgbẹ́ má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin ilé jókòó, wọ́n ń bẹ iṣu. Ìyá ọkọ Tàíbátù na ẹsẹ̀ síwájú, ó ń fọwọ́ pa orúnkún.

"Ìpẹ̀ta ni ì bá wo orúnkún yìí," ni Àràmọ́tù wí. "Mo wá a kárí ọjà, wọ́n ní kò sí mọ́." Ó yíjú sí Tàíbátù. "Ìwọ tó ń lọ kí koríko, wọn ò fi ìpẹ̀ta hàn ọ́ rí? Àbí oúnjẹ ewúrẹ́ nìkan lẹ máa ń wò?"

Ẹ̀rín sọ. Tàíbátù rí i pé ìyá ọkọ òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ ibi tó wà," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rín dá wáí. Ìyá gbójú sókè. "Lóòótọ́, ọmọ mi?"

Láti ọjọ́ tí Tàíbátù ti wọ ilé yẹn, kò pè é lọ́mọ rí.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, òun àti Àràmọ́tù gun alùpùpù lọ, ọkọ́ àti àpò wà lọ́wọ́ wọn. Sàífùlláhì ti wà lóko.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," ni Tàíbátù wí. "Ẹgbẹ́ ló ní ká wá."

"Ẹ̀yin náà lẹ ni ín," ni bàbá náà fèsì. "Ẹ máa wọlé, ọmọ mi."

"Gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ nìkan, Tàńtí," ni Tàíbátù wí nígbà tí wọ́n débẹ̀.

"Mo gbọ́."

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta egbòogi mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Gbòǹgbò àárín ni wọ́n ń fẹ́. Àràmọ́tù gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbẹ́ èkejì, ó wá kọjú sí ìdí igi. Òórùn bíi ti róòbù jáde látinú ilẹ̀.

"Ó tó, Tàńtí."

"Di àpò mú dáadáa, ìyàwó."

Ta ni yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀? Tàíbátù di àpò mú. Igi wó, èso tútù ṣì wà lórí rẹ̀.

Wọ́n fi pa orúnkún Ìyá, Àràmọ́tù sì kó ìyókù lọ sọ́jà. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, "ọmọ mi" ni Ìyá ń pe Tàíbátù. Bó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ká èso pé. Tàíbátù ì bá ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló wá fi mọ́tò gbé e. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń sọ ibi tí kálukú máa gbìn tirẹ̀ sí. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ihò ni wọ́n bá, àti ẹ̀ka gbígbẹ.

Màdáàmù kúnlẹ̀ sétí ihò, ó mú èso kan tó ti rọ, ó ń wò ó. Fádípẹ̀ mẹkáníìkì, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ fọhùn, ó kọjú sí Sàífùlláhì. "Bàbá, ẹ ti tà á!"

"Wallahi, n kò ta nǹkan kan! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n..." Ojú rẹ̀ bọ́ sára Tàíbátù. Ó wolẹ̀. "Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n wọlé. Èmi ni kí ẹ bi."

"Àwọn wo?"

"N kò mọ̀ wọ́n."

Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn gba ẹ̀sín rẹni sórí, ìyẹn burú ju ikú lọ.

"Èmi ni," ni Tàíbátù wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó tún un sọ. "Èmi ni mo mú èèyàn wá. Orúkọ ẹgbẹ́ ni mo fi kí Bàbá."

Màdáàmù kò pariwo. "Ta ló ń ṣàìsàn, Tàíbátù?"

"Orúnkún ìyá ọkọ mi ni, Mà."

"O ò ṣe bi mí? Màá bá yín mú Ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣé Ìyá mu ún?"

"Wọ́n fi pa orúnkún ni."

"Ẹ má jẹ́ kó mu ún o. Gbòǹgbò yìí lágbára, ó ń pani bó bá pọ̀ jù. Níbi tí igi náà bá ti pọ̀, béèyàn gbẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́, tó fi erùpẹ̀ bò ó padà, igi lè yè é. Gbòǹgbò àárín, ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó dá nìkan wà, wọn kì í fọwọ́ kàn án rárá."

Tàíbátù kúnlẹ̀ níwájú Sàífùlláhì. "Ẹ foríjì mí, Bàbá."

"Mo ti foríjì ọ́," ni bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n o fi orúkọ ẹgbẹ́ kí mi, mo sì dá ọ lóhùn. Lọ́la, bí ẹlòmíràn bá tún fi kí mi, kí ni kí n ṣe?"

Tàíbátù ló kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sínú ihò.

Àwọn yòókù bá a kó o padà, bóyá gbòǹgbò kan kù tó lè hù. Nígbà tí Tàíbátù délé, inú Àràmọ́tù ń dùn, àwọn oníbàárà ti ń béèrè sí i.

"Ọmọ mi," ni Ìyá wí, "ṣé òmíràn ṣì wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá. Ìyẹn nìkan ló kù. Àwa la hú u."

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fi koríko ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin ará, àjẹìwẹ̀yìn ló ń mú igún pá lórí. Ẹni tó bá mú yín lọ wo ewéko tó ti ń tán ti fọkàn tán yín ni, ẹ má júwe ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ará ilé. Bí àìsàn bá wà, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí ẹ sì bi ẹni tó mọ ewé léèrè kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi so, ẹ gbin èso rẹ̀ sẹ́yìn ilé yín. Bí àgbà bá ń ṣe ohun tí kò dára, ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má bá a di àpò mú.

Tàíbátù ṣì ń gbé omi lọ sídìí ihò náà lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá kí Sàífùlláhì, orúkọ ara rẹ̀ ló máa ń dá. Ilẹ̀ náà kò tíì hu nǹkan kan.