Ìmọ́lẹ̀ Kì í Ṣọ́ Àwo Kejì

Àràárọ̀ ni Stamen ń gbé àwo méjì sórí tábìlì. Rada ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n ọwọ́ Stamen kò tíì gbà pé ó ti lọ. Yóò fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ kan sínú àwo kọ̀ọ̀kan. Yóò jẹ tirẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán, yóò dá ti àwo kejì padà sínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, yóò sì gbé e lọ sí àjà ilẹ̀, yàrá tó wà lábẹ́ ilé.

Fíríìjì wà nílé. Ó ti yọ wáyà rẹ̀ lára iná. Kí ni ẹnu kan fẹ́ fi fíríìjì ṣe?

Ilé mẹ́rin péré ni èéfín ṣì ń jáde nínú wọn ní abúlé rẹ̀ lórí òkè. Nevena, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sọ́rá nísàlẹ̀ òkè, ló ń gbé inú ọ̀kan. Ní Ọjọ́bọ̀, ó yà kí i.

"Bàbá Stamen, ẹ ṣì wà?"

"Ikú ti gbàgbé mi lórí òkè yìí. Jókòó, kí o jẹ ẹran."

Nevena gbé ọ̀rá náà wò. "Ìgbà wo lẹ ṣí i?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mò ń fi èyí tó kù pa mọ́ de Sátidé. Ivaylo ọmọ mi ń bọ̀ láti Sípéènì fún ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́, ó ń mú Kalina ọmọ rẹ̀ bọ̀. Ọmọ yẹn kì í jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn tí a máa ń pa lọ́jọ́ náà. Èyí ló fẹ́ràn."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ fẹ́ fún?"

"Ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi pa kòkòrò ara rẹ̀. Kì í bàjẹ́."

"Bàbá, èmi ni mo ń dúró ti ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ yẹn nílé iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bù yẹ̀rì bí mànàmáná, ó sì parí. Kòkòrò àìfojúrí tó wà lójú ẹran ló ń pa. Kò dé inú, kò sì fi májèlé sílẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣí ọ̀rá, ọwọ́ yín, ọ̀bẹ yín, eṣinṣin tó bà lé àwo, gbogbo wọn ti gbé tuntun wá. Ìmọ́lẹ̀ ti lọ sílé nígbà yẹn."

"Àjà ilẹ̀ tutù."

"Oṣù kejì nìyẹn. Oṣù karùn-ún la wà."

"Rada ń pa ẹran mọ́ níbẹ̀ títí di ìkórè."

"Iyọ̀ ni Màmá Rada fi ń rẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ iyọ̀ rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Omi garawa kan ni mo máa ń mu tẹ̀lé e." Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n èyí kò rùn."

"Èyí tó ń pani kì í sábà rùn."

Stamen gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pé ọdún kan tí Ivaylo ti wá gbẹ̀yìn. Bí inú bá run ọmọ náà nínú ilé yìí, ìyá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó tún wá mọ́.

Ó dìde, ó ju ọ̀rá náà àti ẹran inú rẹ̀ sínú iná ààrò. Ó lọ ki wáyà fíríìjì bọ ojú iná. Ẹ̀rọ náà mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ti pẹ́ tí nǹkan mìíràn ti dún nínú ilé náà.

Ó padà wá, ó ti àwo kejì síwájú Nevena.

"Búrẹ́dì nìkan ló kù."

"Ẹ gé e fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn wa, oúnjẹ tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú kò léwu. Ẹ má sá fún un. Ṣùgbọ́n bí ara ọ̀rá bá ní inú fíríìjì ni kó wà, kó wà níbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín iye ọjọ́ tí wọ́n dá. Èyí tó bá ti jókòó lórí tábìlì di ọ̀sán, ẹ má dá a padà.

Ẹni tó ń dá gbé, kó ra èyí tó kéré. Tàbí kó kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì.